Ẹ Má Ṣe Da Oògùn Mọ́ Oúnjẹ Ilẹ̀

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà 'ajílẹ̀' sí wẹ́wẹ́, ohun tí ń jí ilẹ̀ ni ó túmọ̀ sí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ a máa sùn, àti pé ojúṣe àgbẹ̀ ni láti jí i. Lónìí, bí a bá dárúkọ ajílẹ̀, àpò tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ajílẹ̀ tí ó sún mọ́ wa jù lọ wà nínú ọjà wa. Àwa fúnra wa ni a ń bà á jẹ́ kí ó tó dé oko.

Ẹ jẹ́ kí a fi Okaishie, ní àárín gbùngbùn Accra, ṣe àpẹẹrẹ. Oògùn òyìnbó, ọtí àti ohun ìṣaralóge ní páálí-páálí ni a mọ ọjà náà mọ́. Makola, níbi tí oúnjẹ pọ̀ sí, kò jìnnà sí i. Ohun gbogbo tí a bá gbá jọ ní ìrọ̀lẹ́, 'borla' ni wọ́n ń pè é ní Accra, gẹ́gẹ́ bí àwọn Hausa ti ń pe ààtàn ní 'bola'. Inú orúkọ kan ṣoṣo yìí ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Èèpo iṣu kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀rá omi. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìgò oògùn.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n ààtàn ìgbà tiwọn kò mọ ike. Eérú, èèpo àti ìgbẹ́ ẹran ni ó ń gbà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń sọ èèpo di ilẹ̀dú. Bí wọ́n bá rí afẹ́fẹ́ àti omi tó, òkìtì náà lè gbóná dé ìwọ̀n 55 sí 65 ti Celsius, ooru tí ń pa ọ̀pọ̀ àrùn àti hóró èpò. Ooru yìí kò lè jẹ ìgò, kò sì lè jẹ ọ̀rá. Oògùn tí a ṣe láti pa kòkòrò kì í sì í sábà mọ èyí tí ń pa wá yàtọ̀ sí èyí tí ń ṣiṣẹ́ fún wa.

Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé iṣẹ́ tí ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀ ti wà ní Adjen Kotoku, lẹ́bàá Accra, láti ọdún 2012. Ní Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1990, wọ́n ti fi ìdọ̀tí ọjà àti ti ilé ìpẹran ṣe ajílẹ̀ ní Bódìjà. Ìyàsọ́tọ̀ ni ó wọ́n wa.

Àwọn kan yóò sọ pé ajílẹ̀ ààtàn wúwo, pé èròjà rẹ̀ kò tó ti àpò. Ààbọ̀ òótọ́ ni. Ajílẹ̀ àpò ń bọ́ ọ̀gbìn. Ilẹ̀dú ń bọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ilẹ̀dú kì í lè di èròjà mú. Òjò ńlá kan tó láti ṣan owó àgbẹ̀ lọ. Ní Àbújá, ní ọdún 2006, àwọn ìjọba Áfíríkà pinnu pé èròjà ajílẹ̀ tí à ń lò lórí hẹ́kítà kan yóò kúrò ní kílò 8, yóò di 50 kí ó tó di 2015. A kò débẹ̀. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ́ ní 2022, owó àpò tún fò sókè. Ìgbà tí wọ́n pàdé ní Nairobi ní 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 'ìlera ilẹ̀' kún orúkọ àpérò náà.

Orúkọ nìkan kò tó. Kí àwọn aláṣẹ Accra gbé agbọ̀n ọ̀tọ̀ kalẹ̀ fún èèpo àti ewé. Kí àwọn olóògùn Okaishie ní ibi ìdalẹ̀nù tiwọn, lábẹ́ òfin. Kí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń ná sórí àpò kan ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ kó èèpo tí a ti ṣà. Bí a bá kọ̀, ike ni a ó máa gbìn, owó òkè òkun ni a ó sì máa fi ra oúnjẹ tí ilẹ̀ wa ìbá jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.