Ẹ Má Sáré Kọjá Ilé Ìpẹran

Gbọ̀ngàn olórùlé búlúù ni gbogbo èrò ń sáré lọ yà fọ́tò níwájú rẹ̀ ní Tẹ́ńpìlì Ọ̀run, ní Beijing. Àwa náà yà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní ká yà sí Zaisheng Ting, ilé tí wọ́n ti ń pa ẹran ìrúbọ, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fajú ro. Wọ́n ní ìwà àìlajú ni, kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọdún 1420 ni wọ́n parí tẹ́ńpìlì yìí lábẹ́ ọba Yongle. Gbọ̀ngàn yẹn ni ọba ti ń tọrọ ìkórè rere níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kó tó rúbọ, yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta: kò ní jẹran, kò ní mutí, kò ní sún mọ́ obìnrin. Ilé ìpẹran ni wọ́n ti ń pa màlúù, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti àgbọ̀nrín, wọ́n á sè é nílé ìdáná tó wà nítòsí, wọ́n á sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n fi òrùlé bò gbé e lọ. (Àwọn àgbàlagbà ló ń ta káàdì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn báyìí, ó sì wù wá láti jókòó tì wọ́n.) Ẹni tó bá yọ ilé ìpẹran kúrò, kí ló kù nínú gbọ̀ngàn yẹn? Òrùlé lásán!

Àwọn tó ń pariwo àìlajú yìí kan náà ni wọ́n ra ẹran àgùntàn tí wọ́n fi igi gún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ń lá ọwọ́. Ta ló pa àgùntàn ọ̀hún?

Àwọn míì tiẹ̀ wá fi ọgbọ́n bò ó: wọ́n ní àṣà ni ti Ṣáínà, torí UNESCO ti fọwọ́ sí i lọ́dún 1998. Ó dáa. UNESCO kan náà ló fọwọ́ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ́dún 2005, kí ló dé tí ẹ̀yin kan náà ń pe ibẹ̀ ní ilé èṣù? Ẹbọ tí àlejò rú di ìtàn, èyí tí bàbá ńlá wa rú di ẹ̀ṣẹ̀. A kọ̀ ọ́.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ rúbọ o. Àwọn ará Ṣáínà gan-an ti fi í sílẹ̀. Yuan Shikai ló rú irú ẹ̀ kẹ́yìn níbẹ̀ lọ́dún 1914, nígbà tó sì di 1918, ọgbà náà di ti gbogbo ènìyàn. Wọn ò torí ẹ̀ wó ilé ìpẹran náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí.