Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn, tí a sì rò pé ó yẹ kí a gbé ka iwájú ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú tí ẹ ń ka ìwé Ẹgbẹ́ yìí lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹni tí ó fẹ́ràn akọrin kan tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rin ọ̀nà jíjìn kí ó lè gbọ́ ọ lójúkojú. Ní òkè òkun, irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì tí wọ́n ń tọ́jú owó fún oṣù púpọ̀, tí wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí kí wọ́n lè jókòó ní alẹ́ kan ṣoṣo níwájú àwọn akọrin Írẹ́lándì tí ọkàn wọn fẹ́. Bí a bá sọ èyí fún àwọn ènìyàn wa, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọn a ní, "Ṣé orin náà kò sí nínú fóònù rẹ̀ ni?" Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní èrò tiwa, ẹni tí ó rin ìrìn yẹn gbọ́n. Àwa tí a kò lè ti Òmù-Àrán dé Ìlọrin nítorí akọrin ni ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó dé bá wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí orin jẹ́ láàrin wa. Bí onídàdàkúàdà bá ń kọrin ní agbo, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àwọn tí ó ń wọlé. Bí ọmọ ìran kan bá yọ, akọrin lè dá ohun tí ó ń sọ dúró, kí ó ki i ní oríkì baba rẹ̀, kí ó sì fi òwe gún un bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀, kí àwọn elégbè sì gbà á. Orí ẹni tí a kì náà á wú, á dìde. Ohun tí ó bá sì ṣe ni akọrin yóò tún fi ṣe orin. Báyìí ni olùgbọ́ ṣe ń di ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá orin náà. Àwo orin kò lè ṣe èyí. Ẹni tí ó wà lọ́kàn akọrin ní ọjọ́ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni àwo yóò máa kì títí láé. Àwa tí a rà á, àlejò ni a jẹ́ níbẹ̀.

Ẹ rántí Odòlayé Àrẹ̀mú ti Ìlọrin, ẹni tí ó kú ní 1997. Àwọn àwo rẹ̀ ṣì wà, a sì dúpẹ́ pé wọ́n wà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ni ó ti ipasẹ̀ wọn gbọ́ bí akọrin ṣe ń dárò olóyè bí S. L. Akíntọ́lá, tí wọ́n pa ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìgbómìnà kan mọ́ tí yóò gbọ́ orúkọ tirẹ̀ láti ẹnu Odòlayé. Ẹni tí ó lọ nígbà náà ní ohun tí owó kò lè rà mọ́.

Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kejì ọdún 1826, ó rí eré àwọn eégún aláré ní iwájú ààfin. Ó rí àwọn tí ó ń jó nínú àpò, ó rí ère òjòlá, ó sì rí èyí tí wọ́n fi ṣe àwàdà òyìnbó fúnfun bíi tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìgbà tí àwọn baálẹ̀ ìlú òkèèrè bá wá kí ọba ni a máa ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìjòyè tí ó rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀, tí ó sì jókòó wòran, kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ohun tí ó wá sọ wá di ọ̀lẹ ni pé, fún ìgbà pípẹ́, àwọn eléré ni ó ń rìn tọ̀ wá wá. Alárìnjó ni orúkọ wọn. Láti 1945 tí Hubert Ògúndé ti fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀, ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ àti ní àgbàlá ilé ọtí. Nígbà tí ó di bí 1980 sókè, epo ọkọ̀ wọ́n, ọ̀nà òru kò dára mọ́, fídíò sì gba ojú àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré túká. Ẹni tí ó ń rìn tọ̀ wá wá kò wá mọ́, àwa náà kò sì dìde láti tọ̀ ọ́ lọ. Láàrin méjèèjì ni orin ti ń ṣègbé.

Ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́bàá wa. Ní 1933 ni Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., fi ìròyìn àwọn ère òkúta Èsìẹ́ tó ayé létí. Ní 1945 ni a kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí fún wọn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tí a sọ di òkúta. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kì í kú. Ẹni tí kò bá rí wọn lọ́dún yìí lè rí wọn lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹlẹ́wẹ̀, eégún Ìgbómìnà, tí ó ń fò sókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń bá ìlù sọ̀rọ̀, ara ènìyàn ni ó ń gbé e. Ẹni tí ó mọ oríkì ìran wa, ẹ̀mí ni ó fi ń kì í. Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, kò sí ilé tí a lè kọ́ tí yóò dá wọn padà.

Írẹ́lándì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà wà rí, èdè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ní 1893 ni Douglas Hyde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó jọ tiwa yìí, láti gbé èdè náà ró. Nígbà tí ó di 1938, Hyde kan náà ni a fi ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè náà. Ní 1951 ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ kan ní ìlú Mullingar. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn mélòó kan ni ó wá nígbà náà. Lóde òní, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ni ó ń wá. Èyí tí ó wú wa lórí jù ni ti Miltown Malbay, ìlú kékeré tí ó kéré sí Òmù-Àrán lọ́nà púpọ̀. Nígbà tí Willie Clancy, afọnfèrè ìlú náà, kú ní 1973, ní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní oṣù keje, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá síbẹ̀: wọ́n ń kọ́ orin lọ́wọ́ àgbà ní ọ̀sán, wọ́n sì ń gbọ́ ọ ní alẹ́. Owó tí àlejò ń ná ń bọ́ ìlú, ọmọ ìlú sì ń rí i pé ohun tí baba òun ní níyelórí.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ìbọ̀rìṣà ni. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni àwọn olórin dàdàkúàdà Ìlọrin, orúkọ Ọlọ́run kò sì jìnnà sí ẹnu wọn. Wọn yóò ní ọ̀nà kò fi ọkàn ẹni balẹ̀. Òtítọ́ ni, a kò sì fi ojú kékeré wò ó. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a máa lọ ní ọ̀wọ́, ní ọ̀sán, kí a sì sùn sí ibi tí a lọ. Wọn yóò ní kò sí owó. Àwa rí owó tí a ń ná lórí aṣọ ẹbí.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọba rẹ̀, kéde ọjọ́ ìran rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ará Òró, ti Àjàṣẹ́-Ìpo àti ti Ìlá lè múra. Kí ilé àwọn ìjòyè gba àlejò tí ó wá gbọ́ orin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gba àlejò ìwúyè. Kí a dá owó iṣẹ́ akọrin fún un ṣáájú, kí ó má ṣe jẹ́ pé èyí tí a lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí nìkan ni yóò jẹ. Nítorí akọrin tí owó agbo nìkan ń bọ́, olówó nìkan ni yóò máa kì, oríkì ọ̀pọ̀ ilé yóò sì di ìgbàgbé lẹ́nu rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń lọ mú ọmọ kan dání.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí olúkúlùkù wa mú ọjọ́ kan nínú ọdún yìí, kí ó rìn dé ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó gbọ́ akọrin kan lójúkojú, kí ó sì wá jíṣẹ́ ohun tí ó gbọ́ fún Ẹgbẹ́. Ìwé wa yìí yóò fi àyè sílẹ̀ fún un.