Àbádòfin Kì Í Ṣe Òfin: Ẹ Yé Ná Ọjà Tí Ó Ti Tú



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ó ti di àṣà láàrin wa pé kí aáfà kan gun mínbárì ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ó figbe ta pé àwọn aṣòfin Àbújá ti ṣe òfin tí yóò pa ẹ̀sìn wa run. Ara àwọn ọ̀dọ́ á gbóná, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ àdúà. Bí a bá wá wádìí rẹ̀ dé ìdí, a ó rí i pé àbádòfin kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orúkọ rẹ̀ lásán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òfin gidi ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Ààrẹ ti buwọ́ lù ú, igbe kò sì lè yí i padà mọ́. Aáfà tí kì í gba Hádíìsì àfi bí ó bá mọ ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni, kí ló dé tí ó fi ń gba ìròyìn òfin lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí á tọ́ka ọ̀nà náà. Ilé méjì ni ó wà ní Àbújá: Ilé Aṣòfin Àgbà tí ó ní ènìyàn 109, àti Ilé Aṣojú-ṣòfin tí ó ní 360. Abala 58 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àbádòfin kò lè di òfin àfi bí ilé méjèèjì bá fọwọ́ sí i, kí Ààrẹ sì buwọ́ lù ú. Kíkà àkọ́kọ́ kò ju orúkọ lọ. Akọ̀wé ilé á ka àkọlé rẹ̀, ó parí. Bí ìgbà tí a kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé kéwú ni, ọmọ náà kò tíì mọ alífù. Ní kíkà kejì ni wọ́n tó ń jiyàn lórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àbádòfin sì ń kú síbẹ̀. Èyí tí ó bá yè á bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kékeré tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ dúró síbí pẹ̀lú wa, nítorí ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń pe ìjókòó ìtagbangba. Wọn á kéde nínú ìwé ìròyìn pé ẹgbẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohun sísọ, kí ó kọ ọ́ wá, kí ó sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àbádòfin tí ó wà ní ìpele yìí dà bí wàláà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: omi díẹ̀ tó láti fọ ìlà kan nù, kí a sì kọ òmíràn. Àwọn lọ́yà ń lọ síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ń lọ, àwọn oníṣòwò ń lọ, àwọn ìjọ Kìrìsítẹ́nì náà ń lọ, ìwé ni wọ́n sì ń mú dání. A kò bú wọn fún un. Wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà ni. Wáàsí gbígbóná tí ẹnìkan ṣe ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìwó kò sí bí yóò ṣe wọ inú àbọ̀ ìgbìmọ̀, bí kò bá sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé kí ó sì fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo ilé á yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹẹsẹ, wọn á kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ilé kejì náà á sì ṣe tirẹ̀. Bí ohùn ilé méjèèjì kò bá dọ́gba, wọn á yan àwọn tí yóò so ó pọ̀. Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ di òfin lórí rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe fún Ààrẹ Obasanjo ní ọdún 2000 lórí òfin àjọ NDDC.

Ẹnìkan lè ní, kí ni gbogbo èyí kàn wá? Yìgì yín ni ó kàn. Nínú àkójọ àwọn ohun tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí, nọ́ńbà 61 ni ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìgbéyàwó ti òfin Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ìlà kan péré ni. Ní oṣù keje ọdún 2013, Ilé Aṣòfin Àgbà dìbò láti yọ gbólóhùn kan kúrò nínú abala 29, èyí tí ó sọ pé obìnrin tí ó bá ti lọ́kọ ti di àgbà lójú òfin tí ó bá fẹ́ kọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ìbò pé. Sẹ́nétọ̀ Yerima ti Zamfara dìde, ó tọ́ka sí nọ́ńbà 61 yìí, wọ́n tún ìbò dì, kò sì pé 73 mọ́. A kò fi ọwọ́ sí kí á fa ọmọdé fún ọkọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn kọ́ wa lọ́rùn. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó mọ ibi tí ìlà wà nínú ìwé lè dá gbogbo ilé dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, àbádòfin kan dé Ilé Aṣojú-ṣòfin láti yọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, èyí tí ó túmọ̀ sí “ti ara ẹni”, kúrò níwájú “òfin Ìsìláàmù” níbi gbogbo tí ó wà nínú ìwé òfin. Ní kíkà kejì ni wọ́n dà á nù. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó mọ bí aṣojú àgbègbè yín ti ṣe lọ́jọ́ náà?

Àwọn kan yóò dáhùn pé Ọlọ́run nìkan ni ó ń ṣòfin, ilé aṣòfin kì í ṣe ibi tí Mùsùlùmí ń lọ. Ti Ọlọ́run ni àṣẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àjọ tí ó ń ṣètò Hájì yín, òfin tí ilé méjèèjì ṣe ní ọdún 2006 ni ó dá a sílẹ̀. Ẹ kò kọ Hájì nítorí rẹ̀. Súúrà kejìlélógójì nínú Al-Qur'an, Ash-Shūrā, ìgbìmọ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, nígbà tí àpéjọ tí ó ń gbé ìwé òfin yẹ̀ wò ń jà lórí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣàríà ti ìjọba àpapọ̀, àwọn aṣojú tí ó lé ní 80 bínú jáde. Ìbínú wọn yé wa. Ìwé òfin ọdún 1979 jáde láìsí ilé ẹjọ́ náà nínú rẹ̀.

Àwọn olóṣèlú wa, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí, mọ̀ pé a kì í béèrè. Ìdí nìyẹn tí àpò ìrẹsì àti ṣúgà inú Ràmàdáánì fi tó wọn láti san gbèsè ọdún mẹ́rin. Ẹ gba ìrẹsì náà, ẹ sì béèrè ìwé àbádòfin tí ó gbé dìde.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù lọ kò tilẹ̀ sí ní Àbújá. Abala 275 sọ pé ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣàríà lè ní in. Kwara ní tirẹ̀ ní Ìlọrin. Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù, kò sí ọ̀kan tí ó ní in. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ni opó Mùsùlùmí ń gbé ìjà ogún lọ. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni àbádòfin bẹ́ẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta. Abala 97 sì gba ilé wọ̀nyí láàyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ wọn jókòó bí wọ́n bá fẹ́, bí ti Èkó ti ń fi Yorùbá ṣe é rí. Nítorí náà, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní àwáwí. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì, lọ́yà kan àti aáfà kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́.