Ilé Tí Wọ́n Wò Kí Wọ́n Tó Sọ Bárékè Mókọ́lá Lórúkọ

Ta ni kò mọ̀ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ? Wọ́n bímọ sílé ọdẹ, ó ń jẹ́ Ọdẹ́wálé. Wọ́n bímọ sílé onílù, ó ń jẹ́ Àyándélé. N kò ní fi àlàyé ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tó bí mi nínú ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú Micra tó gbé mi láti Dùgbẹ̀ lọ sí Agbowó.

A dé Mókọ́lá, ni géńdé kan tó jókòó tì mí bá nawọ́ sí apá bárékè. Ó ní, "Ẹ gbọ́ orúkọ, Letmauck! Òyìnbó tó kọ́ ọ ló fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́, a ò sì rí i yí padà dòní. Ṣé Ìbàdàn ò lákọni ni?" Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìyá kan lẹ́yìn, tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé ẹsẹ̀, ní kí wọ́n fi orúkọ Ògúnmọ́lá sọ ọ́. Ká tó dé Sángo, wọ́n ti fẹnu sọ bárékè lórúkọ tuntun tán.

Gbogbo wọn ló ṣì í. Letmauk kì í ṣe òyìnbó, kì í tilẹ̀ ṣe èèyàn. Ìletò ni, láàárín òkè àti igbó Arakan nílẹ̀ Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar báyìí. (Lẹ́tà kan tí wọ́n fi kún un lọ́dọ̀ wa ló sọ ọ́ di orúkọ ọ̀gá.) Agbègbè ibẹ̀ ni Dífíṣọ̀n 82 ti àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, ti bá àwọn ará Japan fìjà pẹẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945. Ẹni tó sọ bárékè yìí lórúkọ wolé dáadáa. Ilé tó wò ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ àwọn sójà ti ta sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dodan, Arakan àti Myohaung l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mogadishu l'Ábújá, ìlú tí àwọn sójà Nàìjíríà wọ ní oṣù Kejì ọdún 1941. Òkúta ibojì ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹnu ọ̀nà bárékè ni wọ́n rì í mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjà náà ṣe rí, kó wo àmì tí Dífíṣọ̀n 82 lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká. Òṣùká tí ìyá alátòmátì ń gbé karí lójoojúmọ́ náà ni. Mọ́tò ò lè gun àwọn òkè yẹn, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ọkọ̀ mì. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí èèyàn ló sì ń ru ọta, ìbọn àti oògùn láti òkè dé òkè. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ja ogun Bọ́mà. Ẹni tó ya àmì yẹn gbọ́n ju ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére lọ: kò ya kìnnìún, kò ya idì, orí tó rẹrù ló yẹ́ sí.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún géńdé náà. Ó ní, "Dádì, ogun òyìnbó ṣáà ni, kí ló kàn wá?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Ẹni tó kú sóko olóko, ṣé ilé baba tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?

Àmọ́ nígbà tí mo délé ní Bódìjà, tí mo bọ́ aṣọ, òwe mìíràn dìde sí èmi fúnra mi: bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ta ló pa àrọ́bá fún géńdé yẹn? Àwọn ọmọ tí mo bí nínú mi, tí a jọ ń gba Mókọ́lá kọjá láti kékeré wọn, n kò sọ ọ́ fún wọn rí. Lọ́dọọdún, ní 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun Biafra parí ní 1970, wọ́n á yìnbọn sókè ní ìrántí àwọn sójà tó kú sógun, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, àwa á máa wò ó lórí tẹlifíṣàn. Ẹyẹlé ò lè pa àrọ́bá.

Ẹ wo Òkè Ààrẹ. Ní 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ gogoro síbẹ̀ ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó Résídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, ẹni tó yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895. Kò sẹ́ni tó ṣòfin pé kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ló ń lọ́ yípo, ni ará Ìbàdàn bá ń pè é ní Láyípo, ó sì parí. N kò bá Bower kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n bí òkúta tó ga tó yẹn bá lè sọ olówó rẹ̀ nù, kí ni ká ti wí nípa ti orúkọ lásán?

Isaac Fadoyebo, sójà ọmọ Ẹmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ létí odò Kaladan nílẹ̀ Bọ́mà ní 1944. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ló fi sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọ̀tá, tí ìdílé Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ìwé ní 1999. Bí kò bá kọ ọ́ ni, à bá máa sọ pé òyìnbó kan ló ń jẹ́ Kaladan.

Nítorí náà, kí wọ́n fi Letmauck sílẹ̀ bó ṣe wà. Pátákó kan ni mo ń tọrọ, lójú títì níta, ní èdè Yorùbá: ibi tí Letmauk wà, ọdún tí wọ́n jà níbẹ̀, ẹni tó lọ jà á. Kí wọ́n ya ọ̀kọ̀ méjì àti òṣùká sórí rẹ̀. Kó wà ní ọ̀gangan fèrèsé Micra, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọkọ̀ dúró ní Mókọ́lá, èèyàn á kà á tán. Ó kúkú máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.