Àrùn ti Gbóògùn: Ta ni Yóò Yẹ Àgbà Wò?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí orúkọ ṣe ń ro ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ro àrùn. Nígbà tí a kéde àrùn éèdì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1986, kò sí oògùn rẹ̀ nílẹ̀ yìí. A sọ ọ́ ní àrùn kògbóògùn, a kò sì parọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àrùn náà ti gbóògùn. Àwa ni a kò tíì gbọ́.

Ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn tí ń ká kòkòrò HIV lọ́wọ́ kò. Láti 2006 ni wọ́n ti ń fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 35 ní 2006 ti kọjá 50 báyìí, iye ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń ka ẹni tó ní HIV kún àgbà. Àwọn tí a rò pé a ó sin láìpẹ́ ti di ìyá àgbà, wọ́n ń pọn ọmọ ọmọ wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ̀ wọ́n wò fún àrùn ọjọ́ ogbó?

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Bí oògùn tilẹ̀ ká kòkòrò náà mọ́lẹ̀, ìjà inú ara kì í tán pátápátá. Ìjà abẹ́nú yìí a máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ a sì máa tètè kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tenofovir disoproxil, tó wà nínú hóró oògùn tí ọ̀pọ̀ ń lò níhìn-ín, lè ṣe kíndìnrín ní jàm̀bá, ó sì lè sọ egungun di aláìlágbára. Ewu jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún obìnrin tó ní HIV jẹ́ ìlọ́po 6 ti obìnrin mìíràn.

Ní 2023, èsì ìwádìí kan tí wọ́n pè ní REPRIEVE jáde. Ènìyàn 7,769 tó ní HIV, láti ẹni ọdún 40 sí 75, ló kópa nínú rẹ̀. A kò ka ewu àrùn ọkàn wọn sí èyí tó ga. Síbẹ̀, láàárín àwọn tó lo pitavastatin, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi bí ìdá 35 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò lò ó. Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Ohun tí yóò dá àgbà wó lè ti wà lára rẹ̀ láìhàn sójú.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí ilé ìwòsàn wà káàkiri, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò níbẹ̀.” Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé ìtìjú. Àgbà tó ti pa àṣírí mọ́ fún ọdún 20 kò ní í ṣàdédé tú u fún dókítà tí kò mọ̀ rí nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Bẹ́ẹ̀, dolutegravir, oògùn HIV tó wọ́pọ̀ jù lónìí, a máa mú kí metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Dókítà tí kò mọ̀ lè fún un ní àfúnjù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ìyá wa fẹ́ràn pẹ̀lú, nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí dolutegravir wọ ara dáadáa bí a bá lò wọ́n pọ̀ láìjẹun.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àgbà bá wá gba oògùn HIV rẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni kí a ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí a yẹ ṣúgà àti kíndìnrín rẹ̀ wò, kí a sì bi í bóyá ó ń ṣubú, bóyá ó ń gbàgbé nǹkan, bóyá ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ má sọ fún mi pé kò sówó. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́n tó ìtọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Kí a sì máa ka àwọn àgbà náà: nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe nípa HIV ní 2018, wọn kò yẹ ẹni tó ju ọdún 64 lọ wò. Ẹni tí a kò kà, báwo ni a ó ṣe tọ́jú rẹ̀?

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ìpín tiwa. Àwa la ń túmọ̀ ìwé ìlera, àwa la ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bí a bá ń pe àrùn ní kògbóògùn, ta ni yóò tún máa wá ẹ̀jẹ̀ ríru lára ẹni tí a ti kà mọ́ òkú? Lóòótọ́, oògùn kò tíì lé kòkòrò náà kúrò lára. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, lílò la ń lò ó títí, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní kògbóògùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí àwa ọmọ náà ti wà lọ́jà báyìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orí àgbà wọ́ lójú wa.