Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ìdí Kóńgò Wò



Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé kóńgò méjì lè jọ ara wọn lójú, kí a sì ti lu ìdí ọ̀kan wọnú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdánwò ọpọlọ tí a tú láti èdè kan sí òmíràn: ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jọra, kí ohun tí ó ń wọ̀n sì yàtọ̀.

Ìdánwò kan wà tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1975, láti fi mọ̀ bí ìyè arúgbó bá ti ń rá. Ó bèèrè ìgbà tí a wà nínú ọdún. Mẹ́rin ni ìgbà lọ́dọ̀ wọn. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa, nítorí náà ó rọrùn níhìn-ín fún ẹni tí ń dábàá lásán láti gbà á. Ó tún ní kí arúgbó kàwé, kí ó sì kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Ìyá àgbà tí ó mọ oríkì gbogbo ọmọ agbo ilé rẹ̀, yóò ha di aláìníyè nítorí pé kò di kálámù mú rí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì wa níhìn-ín, wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí, nígbà tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ ń ṣe ìwádìí lórí àrùn yìí. Wọn kò tú ìbéèrè wọn sí Yorùbá lásán. A tún tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè rí ibi tí ìtumọ̀ ti yà. Ìdánwò tí wọ́n lò kò béèrè ìwé kíkà, ó sì ń bi ará ilé léèrè bí àgbà náà ti ń ṣe lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni oníṣègùn fúnra rẹ̀ yẹ àwọn kan wò. Ní 1995 wọ́n kéde pé nínú 100 ẹni tí ó ti tó ọdún 65, bí 2.29 ni àrùn náà mú ní Ìbàdàn, àti bí 4.82 láàrin àwọn adúláwọ̀ Indianapolis tí ń gbé ilé ara wọn. Nítorí pé a ti yẹ òṣùwọ̀n wò, a ní ìdí láti gbà pé ara àwọn ènìyàn ni ìyàtọ̀ náà wà, kì í ṣe ìdí kóńgò.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀ràn oníṣègùn nìyí. Rárá o. Nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ̀, mo ka ìbéèrè fún ọmọkùnrin kan ní Yorùbá inú ìwé. Ó dákẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóye kékeré ni. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìbéèrè náà wí ní ohùn Èkìtì; kíá ni ó dáhùn, ó sì gbà á. Ojú tì mí, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Bí èmi bá ti lọ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Nítorí náà, kí a tó pe ọmọ ní òpè, ẹ jẹ́ kí a ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí a bi í. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tí a mọ̀ pé òye wọn dọ́gba ń gba ìbéèrè kan ní èdè kan, tí wọ́n sì ń kùnà rẹ̀ ní èdè kejì, ìbéèrè náà ni kí a fura sí. Orúkọ tí olùkọ́ bá kọ sí ìwé ọmọ kì í tètè parẹ́.