Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Yóò Lè Ṣe?

Ní oṣù yìí, a fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ìmọ̀ tí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́: aṣọ rírán, adìẹ sísìn, oúnjẹ sísè. Fóònù ọwọ́ yín sì tó láti fi kọ́ ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ bí a ti ń fi kọ́ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ológbò sínú ilé. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé, ‘Ṣebí eku ni yóò máa pa jẹ, kí ni a tún fẹ́ kọ́?’ Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Hóró paracetamol kan ṣoṣo tí bàbá ilé fi ṣàánú ológbò tí ara rẹ̀ kò yá lè pa á, nítorí ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè ṣe oògùn náà bí ẹ̀dọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é. Bí ológbò tí ó ní àrùn dìgbòlugi bá sì bu ọmọ jẹ, tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ọmọ, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè é. Nítorí náà, ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èkínní, ẹ ti ìparí bẹ̀rẹ̀. Grant Wiggins àti Jay McTighe, àwọn olùkọ́ni ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí èyí ní 1998. Ẹ má bi ara yín pé, ‘Kí ni mo fẹ́ sọ?’ Ẹ béèrè pé, ‘Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe nígbà tí ó bá parí?’ Fún ẹ̀kọ́ ológbò wa, ẹ lè kọ ọ́ báyìí:
(a) Yóò lè dárúkọ àwọn ohun inú ilé tí ó lè ṣe ológbò ní jàǹbá, bí paracetamol àti àlùbọ́sà.
(b) Yóò mọ àmì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Akọ ológbò tí ó ń tiraka láti tọ̀, tí ìtọ̀ kò sì jáde, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.
(d) Bí ológbò bá bu ènìyàn jẹ, yóò fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Èkejì, ẹ yọ ohun tí kò bá ran àwọn kókó wọ̀nyí lọ́wọ́ kúrò. Ìtàn ológbò ní Íjíbítì dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ohun tí ó nílò ni omi, oúnjẹ, ibi tí ológbò lè sá pamọ́ sí, àti àwo yanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò tẹ̀ lé e. Bí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni kí ẹ tò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ gé e kúrú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan yẹ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orí edX ti ń wo fídíò wò, wọ́n sì rí i pé fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ ni wọ́n ń wò dáadáa jù. Ẹ rántí owó dátà pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kéékèèké, kí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára má baà pàdánù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ní 2006, Roediger àti Karpicke fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn tí a dán wò lórí ohun tí wọ́n kà rántí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ju àwọn tí ó kàn tún un kà lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gbọdọ̀ jọ ìgbésí ayé: ‘Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù. Ara ológbò yín gbóná, dókítà ẹranko sì ti lọ sílé. Kí ni ẹ ó ṣe?’ Bí ẹnìkan bá mú ìdáhùn tí ó sọ pé kí a fún un ní oògùn ènìyàn, ẹ má kàn sọ pé ó kùnà. Ẹ ṣàlàyé ohun tí oògùn náà yóò ṣe nínú ara ẹranko náà, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó pe dókítà lórí fóònù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi dókítà ẹranko yẹ ẹ̀kọ́ náà wò kí ó tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni mẹ́ta tí kò tíì sin ológbò rí. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Nínú kíláàsì, olùkọ́ ń rí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí i.

Ní ti ohun èlò, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Moodle, tí Martin Dougiamas gbé jáde ní Ọsirélíà ní 2002, jẹ́ ọ̀fẹ́. WhatsApp náà tó fún kíláàsì kékeré.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe iye ènìyàn tí ó gba ìwé ẹ̀rí ni a ó fi mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ dára. Bí bàbá kan bá na ọwọ́ sí paracetamol lóru, tí ó sì rántí, tí ó fà á sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ náà ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ tí ẹ mọ̀: ‘Nígbà tí ẹ̀kọ́ mi bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè...’ Ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó ya fídíò kankan.